Rírọ Ọmọ Kì Í Ṣe Bíbọ́ Ọmọ

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí àwa òṣìṣẹ́ ìlera máa ń kọ́ àwọn ìyá, ohun tí ọmọ yóò jẹ ni a ń tẹnu mọ́ jù lọ. A ń sọ̀rọ̀ nípa ọmú, a ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀wà, ẹyin, edé àti ẹja gbígbẹ. Ọ̀nà tí oúnjẹ náà yóò gbà kúrò ní ẹnu ọmọ títí yóò fi dé inú rẹ̀ ni a kì í sábà mẹ́nu bà, bí ẹni pé gbogbo ọmọ tí a bí sáyé ni ó ti mọ̀ ọ́n jẹ láti ọ̀run wá. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà ní àárín wa, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní agbègbè rẹ̀, tí oúnjẹ kún ilé wọn tí wọ́n sì ń gbẹ lọ, nítorí pé ẹnu àti ọ̀fun wọn kò lè ṣe iṣẹ́ tí oúnjẹ béèrè. Nípa àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ àti nípa ìyá wọn ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n sọ̀rọ̀.

Jíjẹ àti mímu jẹ́ iṣẹ́ tí ara ń kọ́. Ọmọ tí ó wà nínú oyún a máa gbé omi inú oyún mì, ṣùgbọ́n kí ó tó lè fa ọmú, kí ó gbé e mì, kí ó sì tún mí láìjẹ́ pé ọ̀kan dí èkejì lọ́wọ́, oyún náà ti gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń rẹ ọmọ tí a bí ṣáájú àsìkò lórí ọmú, tí yóò fà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta tí yóò sì sùn lọ. Lẹ́yìn ìbí pẹ̀lú, fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, ahọ́n ọmọ a máa ti ohun tí ó bá ki jáde fúnra rẹ̀. Ìyá tí ó fi ṣíbí ẹ̀kọ sí ọmọ olóṣù mẹ́ta lẹ́nu, tí ọmọ náà sì tu ú dànù, a ní ọmọ òun kò fẹ́ràn ẹ̀kọ. Ọmọ kò mọ ẹ̀kọ débi tí yóò kọ̀ ọ́; ara rẹ̀ ni kò tíì ṣe tán. Èyí bá ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ láti ọdún 2001 mu, pé ọmú ìyá nìkan ni kí ọmọ máa mu títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà gééré.

Ihò méjì ni ó wà nínú ọ̀fun ènìyàn. Ọ̀kan ń lọ sí inú ikùn, òun ni oúnjẹ ń gbà. Èkejì ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, òun ni èémí ń gbà. Wọ́n súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbàkígbà tí a bá gbé nǹkan mì, ìdérí kékeré kan gbọ́dọ̀ bo ihò èémí títí oúnjẹ yóò fi kọjá. Àgbàlagbà tí ó ń rẹ́rìn-ín lórí oúnjẹ mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ìdérí náà bá pẹ́ díẹ̀: oúnjẹ a pá a lórí, a sì wúkọ́ títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá náà yóò wúkọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa lè má wúkọ́ rárá; oúnjẹ yóò máa yọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ láìsí ẹni tí ó mọ̀, títí òtútù àyà yóò fi dé.

Irú àwọn ọmọ wo ni a ń sọ? Ọmọ tí kò ké nígbà tí a bí i, tí èémí kò sì tètè dé ọpọlọ rẹ̀. Ọmọ tí ibà apọ́njú mú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, tí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n bí epo, tí wọ́n sì ń fi omi ìbẹ́pẹ àti oòrùn àárọ̀ tọ́jú rẹ̀ nílé títí ó fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. (Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, bí kò tilẹ̀ jẹ́ orí ọ̀rọ̀ wa lónìí: ẹ má ṣe fi káńfọ̀ sínú àpótí aṣọ ọmọ tuntun. Àwọn ọmọ kan wà ní ilẹ̀ wa, wọn kò sì kéré níye, tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Òórùn káńfọ̀ nìkan tó láti ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, kí apọ́njú sì gorí ọpọlọ.) Ọmọ tí àrùn yírùnyírùn bá jà tí ó sì yè é náà wà nínú wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni àwọn dókítà máa ń sọ pé ó ní cerebral palsy. Ara wọn lè le gan-an bí igi, ó sì lè rọ̀ jù. Orí wọn a máa fì sẹ́yìn, itọ́ a máa ṣàn lẹ́nu wọn, ahọ́n a máa ti oúnjẹ síta, bí ṣíbí bá sì kan eyín wọn, wọn a ṣe é mọ́ ẹnu pinpin. Ọmọ tí àjà ẹnu rẹ̀ là láti inú oyún náà ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí wàrà a máa gba imú rẹ̀ jáde, kò sì lè fa ọmú dáadáa.

Ohun tí a máa ń ṣe sí irú àwọn ọmọ yìí nílé ni ó mú mi kọ ìwé yìí. Àṣà rírọ ọmọ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí a tọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìyá a jókòó, a na ẹsẹ̀ méjèèjì, a tẹ́ ọmọ sórí itan, orí ọmọ a fì wálẹ̀ sí apá orúnkún. A fi ọwọ́ òsì ṣe kòtò sí ẹnu ọmọ, a da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i, a sì fún imú rẹ̀. Bí ọmọ bá ń wá èémí, dandan ni kí ó la ẹnu; bí ó bá sì la ẹnu, ohun tí ó wà níbẹ̀ di dandan fún un láti gbé mì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sí ohun tí mo sọ nípa ihò méjèèjì. Orí tí ó fì sẹ́yìn ń la ọ̀nà èémí sílẹ̀ gbayawu. Imú tí a fún ń mú kí ọmọ fa èémí láti ẹnu, níbi tí ẹ̀kọ kún sí. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn lè gbà da ẹ̀kọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí yóò dára ju èyí lọ.

Àwọn ìyá wa àgbà a máa dáhùn pé, "Ṣebí bí a ṣe rọ gbogbo yín nìyẹn, ẹ kò sì kú." Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, n kò sì sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ọmọ tí ọ̀fun rẹ̀ péye a máa jà, a máa ta ẹsẹ̀, a máa wúkọ́ jáde, púpọ̀ nínú wọn a sì yè é. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò yè é kò sí níbí láti jẹ́rìí, àwọn tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ti rírọ, orúkọ mìíràn ni a pe ikú wọn. A ní òtútù àyà ni. A ní gìrì ni. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí kò lè jókòó, tí kò lè ràkò, a ní àbíkú ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó wá mú un lọ.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìkà ni àwọn ìyá tí ń rọ ọmọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí ṣe iṣẹ́ lórí bí a ṣe ń bọ́ ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Kwara ní nǹkan bí ọdún 1985 sí 1990, wọ́n rí i pé àṣà náà wọ́pọ̀. Ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà sí ẹni tí ó bá mọ ilé wa. Ọjà ń dúró de ìyá, oko ń dúró de ìyá, ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá kò fẹ́ jẹun, ẹ̀rù sì ń ba ìyá pé yóò kú bí inú rẹ̀ bá ṣófo. Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ Kwara ni pé àwọn olùwádìí náà kò dúró lórí ìbáwí. Wọ́n bá àwọn ìyá jókòó, wọ́n sì ṣe oúnjẹ kan jáde láti inú ohun tí ó wà nílé, wọ́n pè é ní Ẹ̀kọ Ìlera: ẹ̀kọ tí a fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà yíyan, epo pupa àti ṣúgà sí, kí ìwọ̀nba tí ọmọ lè jẹ tó lè ṣe é ní àǹfààní. Fún ọmọ tí ó jẹ́ pé ṣíbí mẹ́wàá ni agbára rẹ̀ mọ, èyí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹ̀kọ tí ó ṣàn bí omi, àwokòtò kan rẹ̀ kò ní ohun tí ṣíbí díẹ̀ nínú ti Ẹ̀kọ Ìlera ní.

Àwọn kan wà tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ títọ́jú irú ìṣòro yìí. Occupational therapist ni orúkọ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì gbilẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ogun tí ó fara pa ní láti tún kọ́ bí a ṣe ń wọ aṣọ, bí a ṣe ń jẹun, bí a ṣe ń fi ọwọ́ kan ṣe iṣẹ́ ọwọ́ méjì. Ní ilẹ̀ wa, ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ wà fún un ní Òṣòdì, Èkó. Nítorí pé inú ọgbà ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ni ilé ìwé náà wà, àwọn ènìyàn rò pé iṣẹ́ àwọn wèrè nìkan ni, ìyá mìíràn kò sì ní fẹ́ kí a rí òun àti ọmọ òun níwájú yàrá wọn. Àṣìrò gbáà ni èyí. Ohunkóhun tí ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́ láti ìdìde rẹ̀ títí di àkókò oorun ni iṣẹ́ wọn. Ní ti ọmọdé, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kò ju kí ó jẹun, kí ó ṣeré, kí ó wẹ̀, kí ó sì kọ́ bí a ṣe ń wọ aṣọ. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ni a ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ yìí dé ìpele oyè dìgírì. Ó ń dùn mí pé ìyá kan lè máa ta ẹ̀kọ ní Sábó tàbí ní Mọdákẹ́kẹ́, kí ó máa rọ ọmọ rẹ̀ ní àràárọ̀, kí ó má sì gbọ́ rí pé ohun tí yóò ran òun lọ́wọ́ wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú òun.

Kí ni olùtọ́jú yìí ń ṣe gan-an? Kò ní oògùn, kò sì ní abẹ́rẹ́. Ìjókòó ọmọ ni ó kọ́kọ́ ń wò. Ó fẹ́ kí ọmọ jókòó ṣánṣán, kí ìdí rẹ̀ wọ inú àga dáadáa, kí ìbàdí àti orúnkún ká, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ohun tí ó le nísàlẹ̀, kí orí rẹ̀ sì tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí àgbọ̀n súnmọ́ àyà. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò lórí ara yín: ẹ gbé orí sókè kí ẹ wo àjà ilé, kí ẹ sì gbìyànjú láti gbé itọ́ mì. Ó ṣòro, àbí? Bí ó ti rí fún ọmọ tí a gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn nìyẹn. Ọmọ tí kò lè dá jókòó, ìyá lè gbé e sórí itan, kí ó fi apá kan gbá ẹ̀yìn orí àti èjìká rẹ̀ mú. Bí ó bá ti dàgbà díẹ̀, káfíńtà àdúgbò lè kan àga fún un ní ìwọ̀n tirẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga, tí ó ní apá lọ́tùn-ún lósì àti pákó pẹrẹsẹ níwájú. N kò gbà pé owó ni ó ń dènà èyí nínú ọ̀pọ̀ ilé. Pákó tí ó kù nídìí káfíńtà àti tìmùtìmù àtijọ́ lè ṣe é. Ẹni tí yóò wọn ara ọmọ náà dáadáa ni ó ṣọ̀wọ́n.

Lẹ́yìn ìjókòó ni ṣíbí. Ṣíbí kékeré tí inú rẹ̀ kò jìn ni ó dára, kí ó sì jẹ́ ti rọ́bà líle bí ọmọ bá máa ń gé e jẹ, nítorí irin lè ba eyín rẹ̀ jẹ́. A ó gbé e wá láti iwájú, ní ìsàlẹ̀ ojú ọmọ, kí ó má baà gbé orí sókè láti wò ó. A ó fi ṣíbí tẹ àárín ahọ́n díẹ̀, ahọ́n kì yóò lè ti oúnjẹ síta bẹ́ẹ̀ mọ́, a ó sì dúró kí ètè ọmọ fúnra rẹ̀ pa dé, kí ó gba oúnjẹ. Kí a má ṣe fi eyín òkè ọmọ gbá ṣíbí mọ́, bí a ti máa ń ṣe. Bí ẹnu kò bá lè pa dé, olùtọ́jú yóò fi han ìyá bí a ṣe ń fi ìka mẹ́ta ti àgbọ̀n àti ètè ìsàlẹ̀ lẹ́yìn, jẹ́jẹ́, láìfún un. Lẹ́yìn náà, ìdúró. Kí ọmọ gbé èyí tí ó wà lẹ́nu mì tán kí òmíràn tó wọlé. Ìdúró yìí ni ó nira jù fún àwa àgbà.

Ní ti oúnjẹ, ohun tí yóò ya ọ̀pọ̀ ìyá lẹ́nu ni pé omi lásán ni ó ṣòro jù lọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti gbé mì, nítorí ó ń sáré ju bí ọ̀fun rẹ̀ ti lè mọ̀ lọ. Ẹ̀kọ tí ó ki, tí kò já bọ́ láti orí ṣíbí, rọrùn fún un ju èyí tí ó ṣàn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́ínmọ́ín tí a tẹ̀ tí ó kúnná, iṣu tí a gún pẹ̀lú epo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a lọ̀. Ohun tí ó ní hóró tàbí egungun nínú ọ̀rá, bí ìrẹsì inú ọbẹ̀ tí ó ṣàn, a máa tan ọ̀fun jẹ nítorí pé omi àti hóró kì í rìn pọ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ti rẹ̀, olùtọ́jú ni yóò sì sọ èyí tí ó bá ọ̀fun ọmọ tiyín mu. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí ọmọ wà ní ìjókòó fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a tó tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Bí ọmọ bá ń wúkọ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń jẹun, bí ohùn rẹ̀ bá ń dún bí ẹni tí omi wà ní ọ̀fun rẹ̀, bí òtútù àyà bá ń mú un léraléra, bí oúnjẹ kan bá ń gbà tó wákàtí kan, kí a má ṣe dúró de ọjọ́ ìwọ̀n. Bí ètè rẹ̀ bá dú níbi tí ó ti ń jẹun, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ká má sì fojú kéré ìwọ̀n náà. Káàdì tí nọ́ọ̀sì ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí kò ti òkè òkun bẹ̀rẹ̀ bí àwọn kan ti rò. Nítòsí wa níbí, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ni Dókítà David Morley, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti ọdún 1956, ti lo irú káàdì bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá abúlé, kí ó tó tàn ká ayé. Ìlà tí kò gòkè mọ́ lórí káàdì yẹn a máa sọ̀rọ̀ ṣáájú kí ojú tó rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn báyìí, bàbá ọmọ ni mo fẹ́ bá wí. Ó pọ̀ nínú àwọn ìyá tí ó ní irú ọmọ yìí tí ó ń dá gbé e. Ẹbí ọkọ ti wí tiwọn, wọ́n ti ní ìyá ni ó rìn lọ́sàn-án gangan nígbà oyún. Ọkọ lè ti kó jáde. Ìyá náà ni yóò gbé ọmọ tí ó wúwo pọ̀n, tí yóò wọ ọkọ̀ láti Ìpetumodù tàbí Ifẹ̀tẹdó, tí yóò tò lórí ìlà láti àárọ̀, tí wọn yóò kọ́ ní ohun tí mo kọ sókè yìí. Bí ó bá sì dé ilé, tí ó lọ sí ọjà, ìyá àgbà yóò gbé ọmọ, yóò tẹ́ ẹ sórí itan, yóò rọ ọ́. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé tí ènìyàn mẹ́rin ti ń bọ́ ọmọ kò lè dúró. Mo gbà pé ó yẹ kí a yí ètò wa padà ní ilé ìwòsàn, kí a máa béèrè pé, "Ta ni ó ń fún ọmọ yìí ní oúnjẹ ọ̀sán?" kí a sì pe ẹni náà. Mo gbà pẹ̀lú pé kò yẹ kí ìyá máa rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀: ó yẹ kí ilé ìwòsàn ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ìpínlẹ̀ yìí ní ó kéré tán oníṣẹ́ kan tí ó mọ iṣẹ́ yìí, tàbí nọ́ọ̀sì kan tí a ti kọ́ ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí a ń kọ́ ní Ifẹ̀ ń wá iṣẹ́ lọ sí ibòmíràn. A kò gbọdọ̀ máa wò wọ́n lọ.

Títí ìyẹn yóò fi rí bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó súnmọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n sì kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí ti Wesley Guild ní Iléṣà, sí ọ̀dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé. Ẹ sọ fún un tààrà pé jíjẹ ni ìṣòro, kí ó lè darí yín sí olùtọ́jú tí ó yẹ. Ní ọjọ́ náà, ẹ mú káàdì ìwọ̀n ọmọ dání. Ẹ mú ṣíbí àti ife tí ẹ fi ń fún un ní oúnjẹ nílé, kí ẹ sì bu díẹ̀ nínú ohun tí ó máa ń jẹ sínú abọ́ tí ó ní ìdérí, nítorí olùtọ́jú yóò fẹ́ rí i bí ó ti ń jẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà ni ó máa ń bọ́ ọ ní ọ̀sán, kí ìyá àgbà bá yín wọ ọkọ̀.